Ibi Tí Omi Ń Gbà

Ọkùnrin kan ló dojú bolẹ̀ gbalaja sáàárín ọ̀nà, òjò ń pa á, kò mira. Ọmọbìnrin kan tó ń tún ọ̀nà náà ṣe ju ọkọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré lọ bá a.

"Yéè! Ṣé kò sí nǹkan o?"

"Ẹ rọra," ni ọkùnrin náà wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Mò ń wo ibi tí omi ń gbà ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ wá wò ó."

Ó yẹ kí ọmọbìnrin náà bínú, àmọ́ kì í rí ohun tí kò yé e kó gba ibẹ̀ kọjá. Òun náà bẹ̀rẹ̀. Ó rí omi tín-ín-rín tó ń gbẹ́ ojú ọ̀nà jẹ díẹ̀díẹ̀ bí ikán ṣe ń jẹ igi. Ọkùnrin náà fi ìka fa ilà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi sì yà wọ́ọ́rọ́wọ́ sínú igbó.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni wọ́n, ara àwọn tó fi ìsinmi wọn yọ̀ǹda ara wọn láti máa tún ọ̀nà gígùn kan ṣe, èyí tí àwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn gba orí òkè kọjá. Ọmọbìnrin náà ń kọ́ nípa ewéko, ni wọ́n bá ń pè é ní Eléwé. Ọkùnrin náà ń kọ́ nípa ọ̀nà ṣíṣe, wọ́n sọ ọ́ di Ẹnjiníà.

Láti ọjọ́ náà, ibi tí Ẹnjiníà bá ti ń gé igi tó wó dí ọ̀nà, ibẹ̀ ni Eléwé á ti máa kó ẹ̀ka.

"Kí ló dé tó o mú òkúta yìí, tó o fi tọ̀hún sílẹ̀?"

"Tọ̀hún ń mì lẹ́sẹ̀ bí ọ̀mùtí. Ìwọ náà, kí lò ń wá lábẹ́ ewé yẹn?"

"Mò ń wá ọkọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Kí wọ́n tó mọ̀, ẹ̀fẹ̀ ti di ìfẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ẹnjiníà bi í pé, "Olólùfẹ́ mi, kí ló gbé ọ wá síbí gan-an?"

Eléwé nawọ́ síwájú. "Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni. Ọ̀nà yìí ló ń rìn tó fi yọ̀ ṣubú níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú yẹn. Kò padà wálé mọ́. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń wá lọ sókè. Bàbá mi ò mọ̀ pé ibí ni mo wà."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, Ẹnjiníà bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta ṣe àtẹ̀gùn síbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Eléwé bá a tò ó.

Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, Eléwé ò lè fi pa mọ́ fún bàbá rẹ̀ mọ́. Ó pè é lórí fóònù, ó sọ ibi tó wà àti ẹni tó fẹ́ fẹ́ fún un.

"Òkè ti gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi," ni bàbá wí. "Máa bọ̀ nílé. Má sì mú ẹnikẹ́ni tó ń gun òkè wá bá mi."

Eléwé padà sílé tẹkún-tẹkún. Ẹnjiníà tẹ̀ lé e. Aránṣọ ni bàbá. Kò dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró láti dáhùn nígbà tí Ẹnjiníà kí i.

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ gbé ọmọ tó kù mí kù lọ?"

"Rárá, bàbá. Ẹ̀yin gan-an ni mo wá bẹ̀ pé kí ẹ bá wa dé orí òkè náà. Tí a bá débẹ̀ tí ọkàn yín ò sì gbà mí, ẹ ò ní rí mi mọ́."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.

"Kí ló wà lókè ọ̀hún?" ni bàbá béèrè jẹ́jẹ́. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, kò rẹ́ni bi.

Nígbà tó yá, bàbá tẹ̀ lé wọn lọ síbi òkè náà, wọ́n rọra rìn. Nígbà tí wọ́n dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹsẹ̀ bàbá kọ̀, kò gbé mọ́. Ẹnjiníà gun àtẹ̀gùn kan, ó na ọwọ́ sí i. Bàbá di ọwọ́ náà mú ṣinṣin, ó sì ń gùn ún lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn.

Lókè, igbó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Òkè lórí òkè, odò ń kọ mànà láàárín wọn, ìkùukùu sì wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ wọn. Bàbá jókòó. Ó wò ó títí oòrùn fi yẹ̀ lórí.

"Abájọ," ló wí, omijé ń bọ́, ẹ̀rín ń jáde. "Abájọ tí kò fi lè jókòó sílé."

Nígbà tí wọ́n padà dé ṣọ́ọ̀bù, bàbá fa téèpù yọ.

"Ẹnjiníà, dìde, kí n wọ̀n ọ́."

"Bàbá, mi ò gbé aṣọ wá o."

"Aṣọ ìgbéyàwó kì í ṣe ohun tí à ń fi ìkánjú rán. Na apá."

Ẹnjiníà na apá, ojú sì tì í bó ṣe yíjú sí Eléwé. "Olólùfẹ́, ṣé o gbọ́ ohun tí bàbá wí?"

Bàbá rẹ̀ ni Eléwé kọjú sí.

"Bàbá, ẹ fi àyè sílẹ̀ dáadáa níbi èjìká. Òkúta ni ọkọ mi ń gbé."