Ìràwọ̀ Tó Ń Jí Pínnì

Bíńtín jí lówùúrọ̀. Ó na apá. Ó na ẹsẹ̀. Ó gbọ́ ohùn ẹ̀rọ ìránṣọ Màmá Àgbà ní yàrá iwájú.

Gàgàgàgà! Gàgàgàgà!

Bíńtín fò dìde. Ọdún ku ọ̀la, iṣẹ́ sì pọ̀ nílẹ̀!

Ọmọláńgidi ni Màmá Àgbà ń ṣe tà. Aṣọ ni ara wọn, òwú ni inú wọn, bọ́tìnnì sì ni ojú wọn.

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ọmọ iléèwé. Ọ̀kan dé fìlà. Ọ̀kan dirun. Ẹnu ọ̀kan wọ́ díẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín ló ń rín.

Bíńtín náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ó ń fi àgékù aṣọ ṣe ìràwọ̀ ọdún. Ó lẹ òòfà mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òòfà ni irin tó máa ń fa irin mọ́ra.

Ó gbé ìràwọ̀ kan sún mọ́ ilẹ̀kùn fìríìjì. Pá! Ó lẹ̀ mọ́ ọn.

Inú rédíò tó ti bàjẹ́ ni òòfà ìràwọ̀ tó tóbi jù ti wá. Oníwàhálà ni ìràwọ̀ yìí! Bó bá ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo pínnì, ṣín! Pínnì á ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

"Bíńtín! Ìràwọ̀ rẹ yìí, olè ni! Ó tún ti jí pínnì mi."

"Ẹ má bínú, Màmá Àgbà. Mo máa bá a wí."

Bíńtín bá ìràwọ̀ wí. Ìràwọ̀ ò gbọ́. Ṣín! Ó tún jí òmíràn.

"Màmá Àgbà, ọmọláńgidi yín ń tà. Ta ló máa ra ìràwọ̀ tèmi?"

"Fara balẹ̀. Ọjà tó bá dáa, ẹni tó máa rà á ń bọ̀ lọ́nà."

Kó kó kó!

Nọ́ọ̀sì ló kan ilẹ̀kùn. Ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ló ti ń ṣiṣẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Mo wá ra àwọn ọmọláńgidi. Àwọn ọmọ wa tí ara wọn kò yá kò ní lè lọ sílé ṣọdún. Mo ti ṣèlérí pé kálukú wọn máa rí ọ̀rẹ́ gbá mọ́ra sùn lálẹ́ òní."

"Ẹ káàbọ̀, Nọ́ọ̀sì wa! Ẹ jẹ́ n kó abẹ́rẹ́ sílé ná."

Òfin Màmá Àgbà ni. Gbogbo abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ padà sórí tìmùtìmù wọn kí ọmọláńgidi kankan tó jáde.

Abẹ́rẹ́ kékeré wà. Abẹ́rẹ́ tó tẹ̀ wà. Abẹ́rẹ́ gígùn... Abẹ́rẹ́ gígùn dà?

Wọ́n wo abẹ́ bẹ́ǹṣì. Kò sí. Wọ́n gbọn aṣọ. Kò sí.

Bíńtín wo inú àpótí òwú. Ó rí ìbọ̀sẹ̀ kan. Ó rí súìtì kan tó ti pẹ́. Ó rí gíláàsì ojú tí Màmá Àgbà ti ń wá láti ọjọ́sí. Abẹ́rẹ́ ńkọ́? Kò sí!

Màmá Àgbà jókòó. "Á jẹ́ pé inú ọ̀kan lára àwọn ọmọ yìí ló wà."

"Ẹ jẹ́ n tẹ̀ wọ́n wò," ni Nọ́ọ̀sì wí.

"Háà, rárá! Á gún yín. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó yẹn, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Mi ò lè gbé e fún ọmọ ọlọ́mọ."

Màmá Àgbà mú sísọ́ọ̀sì. Ọwọ́ wọn ń lọ́ra. "Àfi ká tú gbogbo wọn."

Bí wọ́n bá tú wọn, kò ní sí ọmọláńgidi lálẹ́ òní. Àwọn ọmọ á máa wo ọ̀nà títí!

Bíńtín di ìràwọ̀ ńlá mú, ó sún mọ́ Màmá Àgbà.

Ṣín! Ìràwọ̀ lẹ̀ mọ́ sísọ́ọ̀sì.

"Ìwọ olè yìí, ṣé ìgbà eré nìyí?"

Bíńtín fò sókè. "Olè! Ẹ dúró, Màmá Àgbà! Ẹ jẹ́ kí olè bá wa wá a!"

Ó gbé ìràwọ̀ kọjá lára ọmọláńgidi onífìlà. Jẹ́jẹ́. Orí. Ikùn. Ẹsẹ̀. Kò fà.

Ó gbé e kọjá lára èyí tó dirun. Orí. Ikùn. Ẹsẹ̀. Kò fà.

Ó kan ẹlẹ́nu wíwọ́. Orí. Kò fà. Ikùn...

Ìràwọ̀ mì! Aṣọ ikùn rú sókè. Ṣín! Abẹ́rẹ́ yọ ẹnu síta, ó ń dán.

"Abájọ tí ẹnu ẹ̀ fi wọ́!" ni Màmá Àgbà kígbe. Wọ́n fi ẹ̀mú fa abẹ́rẹ́ jáde.

Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. Bíńtín ò tíì dúró. Ó yẹ gbogbo àwọn tó kù wò. Kò fà. Kò fà. Kò fà.

"Ó parí! Ẹ lè máa kó wọn lọ."

Nọ́ọ̀sì wo àwọn ìràwọ̀ tó wà lára fìríìjì. "Ibùsùn onírin ni àwọn ọmọ wa ń sùn sí. Bíńtín, ṣé wàá ta ìràwọ̀ wọ̀nyí fún mi?"

Màmá Àgbà ṣẹ́jú sí Bíńtín. "Mo sọ tàbí mi ò sọ?"

"Mo máa tà wọ́n!" ni Bíńtín wí. "Àmọ́ olè mi ò ṣe é tà o."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìràwọ̀ ti wà lára gbogbo ibùsùn. Pá! Pá! Pá! Ẹlẹ́nu wíwọ́ sì ni ọmọ tó kéré jù gbá mọ́ra.

Nílé, ìràwọ̀ ńlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìmùtìmù abẹ́rẹ́. Kò sí ọmọláńgidi tó ń jáde tí ìràwọ̀ kò ní kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Olè ti di ọdẹ.

Àmọ́ o, ẹ má sọ fún Màmá Àgbà.

Ṣín! Ó tún ti jí pínnì kan.