Ọrùn Gìrìpá, Àgbò Orí Òṣùpá

Mosúnmọ́lá tún gbé awò-inú lé ikùn àgùntàn náà. Ó wò ó títí, kò rí ọmọ kankan níbẹ̀. Ó ju awò náà sórí tábìlì. Orí òṣùpá ni wọ́n sì wà, níbi tí nǹkan kì í ti í wúwo, ni awò bá ta padà sókè, ó gbá a níwájú orí.

"Ìwọ náà?" ló bi awò náà. Inú ti bí i dé góńgó.

Ẹ gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Àgọ́ Ìgbádé ni ìlú táwọn ọmọ Yorùbá tẹ̀ dó sábẹ́ òrùlé dígí lórí òṣùpá. Ara ẹran fúyẹ́ níbẹ̀ débi pé iṣan wọn ń gbẹ. Àgbò á dìde, ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tatẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ayé ò kó ẹran wá mọ́. Ìdí nìyẹn tí Mosúnmọ́lá, dókítà ẹran wọn, fi ṣe oje-akọ. Irú oje yìí ni ẹpọ̀n akọ ẹran ń dá sínú ẹ̀jẹ̀. Òun ló ń mú kí ọrùn àgbò ki ju ti abo lọ. Tó bá ti dénú iṣan, á ní kó máa mọ ara rẹ̀ kún ara, bíi bíríkìlà tí búlọ́ọ̀kù ò wọ́n. Mosúnmọ́lá ṣe é ní hóró, ó sin ín sábẹ́ awọ etí àgbò rẹ̀, Gìrìpá. Kò pẹ́ tí ọrùn Gìrìpá fi tó odó.

"Dókítà, ọrùn nìyẹn àbí ìrọ̀rí?" Baba Láṣebìkan, olórí àwọn darandaran, ló bi í bẹ́ẹ̀ níwájú ìlú, ni gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ kó kàn ná, Baba."

Àgbò kíkàn ni ìlú náà fi ń yan akọ. Èyí tó bá borí ló ni gbogbo abo. Àwọn tó bá fìdí rẹmi, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ń tẹ̀ wọ́n lọ́dàá, torí àgbò tó ń jowú ti kan dígí ìlú fọ́ rí, díẹ̀ ló kù kí afẹ́fẹ́ tán nílùú. Gìrìpá kàn wọ́n dànù bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn. Mosúnmọ́lá jó. Baba Láṣebìkan mú ẹ̀mú, ó tẹ gbogbo àwọn tó kù lọ́dàá.

Baba ló wọlé báyìí. "Èyí náà ńkọ́?"

"Òfo ni, Baba."

"Ó mà ń gùn wọ́n! Ojú mi ló ṣe."

Mosúnmọ́lá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí Gìrìpá tí wọ́n so sí igun yàrá. Láti ọjọ́ tó ti sin hóró, ọrùn àti itan nìkan ló ń wọ̀n. Ẹpọ̀n tó yẹ kó kún ọwọ́ méjèèjì ti súnkì bí àgbálùmọ̀ gbígbẹ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ọpọlọ máa ń tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò, Baba. Tó bá ti rí i pé oje-akọ pọ̀, á ní kí ẹpọ̀n sinmi. Ilé tí aládùúgbò ń gbé oúnjẹ wá fún lójoojúmọ́, ta ni yóò dáná níbẹ̀? Ẹpọ̀n Gìrìpá kò dá àtọ̀ mọ́."

"O mọ̀, o ò sọ?"

"Iṣan ni mo gbájú mọ́! Ẹ̀yin náà, ẹ ò bá dá ẹyọ kan sí!"

"Ta ló ń dá ẹyọ kan sí? Kó tún fọ́ dígí? O ò bá pariwo!"

"Ẹ̀yin náà ò bi mí!"

"Ìgbà tó jẹ́ ijó lo ń jó!"

Mosúnmọ́lá yọ hóró náà létí Gìrìpá. Bóyá ẹpọ̀n yóò jí padà, bóyá kò ní jí, kò sẹ́ni tó lè sọ. Àgùntàn arúgbó kan ṣoṣo ló ti lóyún kí wọ́n tó kan àgbò. Bó bá bí akọ, ìran àgùntàn òṣùpá ò ní parẹ́.

Lọ́jọ́ tó ń rọbí, gbogbo ìlú ló rọ̀gbà yí i ká. Baba Láṣebìkan fúnra rẹ̀ ló gbẹ̀bí. Ó nu ọmọ náà, ó gbé ìrù rẹ̀ sókè, ó wò ó. Ó tún un wò, bí ẹni pé nǹkan ṣì lè hù níbẹ̀.

"Baba?"

"Ó rẹwà," ni baba wí.

"Baba, akọ ni àbí abo?"

 Baba gbé ọmọ àgùntàn náà lé dókítà lọ́wọ́. Abo ni. Lẹ́yìn wọn, Gìrìpá rí àwòrán ara rẹ̀ nínú dígí, ó fà sẹ́yìn láti kàn án. Ẹsẹ̀ rẹ̀, tí kò ní oje hóró mọ́, tún gbọ̀n. Ó rọra kúnlẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀.