Ibi tí Àtẹ̀gùn ti Yí

Obìnrin ẹlẹ́rọ wọn ilẹ̀kùn ilé sinimá, ó wọn ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ tó wà lókè, kò sì wọn ibi tí àtẹ̀gùn ti yí.

Káfíńtà dúró tì í, ó bá a di ìdí téèpù mú. Ọjọ́ náà ni wọ́n kọ́kọ́ rí ara wọn. Káfíńtà fúnra rẹ̀ ló kan pákó mọ́ ògiri àtẹ̀gùn náà lọ́dún tó kọjá, kí ariwo ẹ̀rọ má baà máa dé etí àwọn òǹwòran. Pákó náà ti gba ìbú ìka mẹ́rin nínú àyè ibi tí àtẹ̀gùn ti yí. Ó mọ̀ pé ẹ̀rọ sinimá tuntun tí wọ́n fẹ́ gbé gòkè kò ní kọjá níbẹ̀. Kò sọ ọ́.

Bàbá rẹ̀ ló ní kó má sọ ọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá náà ti fi ń darí ẹ̀rọ àtijọ́ nínú yàrá kékeré òkè yẹn. Onísinimá ti wá ra ẹ̀rọ mìíràn. Ó ṣèlérí pé obìnrin ẹlẹ́rọ ni yóò máa darí rẹ̀, bó bá lè gbé e wọlé kí ọjọ́ ìṣíde, ọjọ́ tí wọn yóò tún ilé sinimá ṣí, tó pé. Bàbá yóò di amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ọmọ tí mo lè bí," ni bàbá sọ nílé. "Má là á lójú o. Jẹ́ kó fi ojú ara rẹ̀ rí i."

Ọkùnrin mẹ́fà ló gbé ẹ̀rọ náà. Ó tóbi tó kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, ó sì wúwo jù ú lọ. Nígbà tó dé ibi tí àtẹ̀gùn ti yí, ó há sáàárín pákó àti irin tí èèyàn ń dì mú gòkè. Wọ́n tì í, kò lọ. Wọ́n fà á, kò bọ̀. Dígí iwájú rẹ̀ sán. Bàbá wà nínú yàrá òkè, ẹ̀rọ sì ti dí ọ̀nà mọ́ ọn.

Ọ̀kan nínú àwọn alágbàrù ní ìfẹ́ inú bàbá ti ṣẹ, kò sẹ́ni tó tún lè lé e kúrò lókè. Ẹlẹ́rọ kò rẹ́rìn-ín.

Bàbá yọ orí láti òkè. "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ṣé níléèwé tó o lọ ni wọ́n ti kọ́ ẹ láti máa ti àgbàlagbà mọ́lé?"

"Ẹ má bínú, bàbá."

"Mi ò bínú. Mò ń wò ẹ́ ni."

Nígbà tó yá, bàbá fi àyà wọ́ kọjá lórí ẹ̀rọ náà, ọmọ rẹ̀ sì fà á sọ̀ kalẹ̀. Bàtà rẹ̀ kan bọ́. Ẹlẹ́rọ ṣà á, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Bàbá gbà á láìwo ojú rẹ̀.

Ọjọ́ méjì ni káfíńtà fi ń fi ayùn rẹ́ pákó náà díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ. Ẹlẹ́rọ ń bá a tan iná sí i. Ó ní ayùn rẹ̀ kò mú. Káfíńtà ní kó fi ẹnu rẹ̀ rẹ́ ẹ, torí pé ìyẹn mú dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, ẹlẹ́rọ rí i pé àwọn ìṣó náà kò tíì dípẹtà.

"Ta ló kan pákó yìí?"

"Èmi ni."

"O mọ̀ nígbà tí mò ń wọn ọ̀nà?"

"Mo mọ̀."

Ó gbé iná sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó sì jáde.

Onísinimá dé lọ́jọ́ kẹta. Ó bèèrè ẹni tó jẹ̀bi. Kí káfíńtà tó la ẹnu, ẹlẹ́rọ ti ní òun ni, òun kò wọn ibẹ̀. Onísinimá sún ìṣíde síwájú, ó sì gba yàrá ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kó to ẹ̀rọ náà tán kó máa lọ; ẹlòmíràn ni yóò darí rẹ̀.

Káfíńtà lé e bá níta. Ó bi í pé kí ló dé tí kò fi òun sùn.

"Ẹ̀bi tèmi ni mo sọ," ni ó dáhùn. "Tìrẹ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ."

Ọjọ́ mẹ́wàá ni títo ẹ̀rọ náà gbà. Iṣẹ́ pákó ti tán, ẹ̀rọ sì ti dé òkè, ṣùgbọ́n káfíńtà ń wá lójoojúmọ́. Ẹlẹ́rọ ní kó kúrò lójú òun. Ó kúrò, ó sì padà wá lọ́jọ́ kejì. Ó ń bá a di irin mú, ó ń gba èébú. Lọ́jọ́ kẹsàn-án ó sọ fún un pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mo mọ̀," ni ẹlẹ́rọ wí. "Èmi náà nífẹ̀ẹ́ ẹ, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Àmọ́ mi ò lè fẹ́ ọkùnrin tó máa dákẹ́ máa wò mí bí mo bá ń lọ forí sọ ògiri."

"Tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á lé bàbá mi, olólùfẹ́."

"Má tíì pè mí bẹ́ẹ̀."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà káfíńtà sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun yóò jẹ́wọ́ fún onísinimá lọ́la, òun kò sì ní dárúkọ bàbá. Bàbá bèèrè ohun tí ọmọbìnrin náà ti sọ fún ọ̀gá. Káfíńtà sọ gbogbo rẹ̀.

"Kò fi ẹ́ sùn?"

"Kò fi mí sùn."

"Mi ò fẹ́ràn ọmọ yẹn," ni bàbá wí. "Ó rò pé òun mọ̀ ju gbogbo wa lọ. Àmọ́ mi ò ní jókòó sórí ìjókòó tó jẹ́ pé ó bò mí láṣìírí ni mo fi rí i."

Kí ọmọ rẹ̀ tó jí, bàbá ti wà níwájú onísinimá. Ó ní òun ni òun pàṣẹ pé kí ọmọ òun dákẹ́. Onísinimá dá yàrá ẹ̀rọ padà fún obìnrin náà, ó sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ bàbá.

Oṣù kẹrin lẹ́yìn náà ni káfíńtà àti ẹlẹ́rọ ṣe ìgbéyàwó. Bàbá wá. Ìyàwó kí i, ó dáhùn, kò sì sọ nǹkan mìíràn. Káfíńtà kò kan pákó míì sí ibi tí àtẹ̀gùn ti yí, ariwo ẹ̀rọ sì ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tó jókòó lẹ́yìn.

Bàbá lo ọdún mẹ́fà sí i láyé. Kò wo sinimá kankan mọ́.