Pupa Tó Wà Lábẹ́ Búlúù

Ọjọ́ tí Adánkẹ̀kẹ́, ẹni tó ń mú ọ̀dà kẹ̀kẹ́ dán, kọ́kọ́ rí i, fírémù kẹ̀kẹ́ búlúù ni obìnrin náà gbé kọ́ èjìká, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn. Ó rí ọkùnrin tí maṣíìnì ń han lọ́wọ́ rẹ̀, tí ìyẹ̀fun pólíìṣì bo irun àti irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú, ló bá kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá."

Adánkẹ̀kẹ́ pa maṣíìnì, ó fi apá nu ojú. Ọ̀dọ́kùnrin ló jáde lábẹ́ ewú. Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ dá ìkúnlẹ̀ mi padà!"

"N kò dá a padà. Mo ti gbà á."

Aránṣọ ni obìnrin náà, kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ tó ti di olóògbé ló gbé wá kí Adánkẹ̀kẹ́ bá wọn mú ọ̀dà rẹ̀ dán. Láti ọjọ́ náà, ara Adánkẹ̀kẹ́ kò balẹ̀ mọ́. Bó bá jókòó, a dìde. Bó bá dìde, a lọ wo ẹnu géètì. Aránṣọ náà kò gbélé. Ó ní kẹ̀kẹ́ lòun ń wá wò, ṣùgbọ́n ta ló ń fi ojú bẹ́ẹ̀ wo irin?

Nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fẹ́ra, ìyá Aránṣọ ló kọ̀ jálẹ̀. "Ọkùnrin tó jókòó sílé láti àárọ̀ dalẹ́, tó ń fi ariwo di àwọn èèyàn létí!" Ọmọ bẹ̀ ẹ́ títí. Ìyá ní, "Ó dáa. Màá wá wo kẹ̀kẹ́ ọkọ mi lọ́jọ́ Sátidé. Bó bá tọ́jú rẹ̀, màá gbọ́ tẹnu rẹ̀. Bó bá bà á jẹ́, kí n má rí i mọ́."

A kì í jẹ́ kí maṣíìnì tó ń mú ọ̀dà dán dúró lójú kan kó má baà jó o, pàápàá níbi oríkèé irin tí ọ̀dà ti fẹ́lẹ́. Adánkẹ̀kẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ní Sátidé yìí, géètì dún, ó yíjú, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Ewúrẹ́ lásán ni. Kó tó yíjú padà, òórùn ọ̀dà tó jó ti gba yàrá. Búlúù ti ṣí lójú oríkèé, pupa ló yọ lábẹ́ rẹ̀.

Aránṣọ sáré wọlé. "Màmá ń bọ̀ lẹ́yìn mi! Yé è! Olólùfẹ́, búlúù wà nínú agolo yẹn, kùn ún kíá. Wọn ò ní mọ̀."

Adánkẹ̀kẹ́ mú búrọ́ọ̀ṣì, ó tún jù ú sílẹ̀. "Ṣé irọ́ ni kí n fi fẹ́ ọ?"

Bí ìyá ti wọlé, Adánkẹ̀kẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ba kẹ̀kẹ́ yín jẹ́. Ẹnu géètì ni ọkàn mi wà."

Ìyá bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ojú pupa náà. Ó wá àpótí jókòó lé.

"Pupa ni nígbà tí ọkọ mi kọ́kọ́ gùn ún wá sílé wa," ó ní. "Bàbá mi ní ọmọ ìta ló ń gun kẹ̀kẹ́ pupa, àwọn ò ní fún un lọ́mọ. Ìyẹn ló ṣe lọ kùn ún ní búlúù. Mo ti gbàgbé." Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ṣé kí n kùn ún padà, mà?"

"O ò gbọdọ̀! Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọkùnrin tó wà nílẹ̀. "Dìde, àna mi. Kó o sì lọ wẹ gbogbo funfun yìí kúrò lórí. N kò lè fa ọmọ mi fún bàbá arúgbó."

Aránṣọ ló bu omi fún un. Ọjọ́ náà ni ara Adánkẹ̀kẹ́ tó balẹ̀.