Òpó Afusat

Ẹsẹ̀ àbúrò mi Afusat ló ń dún lórí àjà, bẹ́ẹ̀ orí ẹní ló jókòó sí níwájú mi, ó ń ṣa ẹ̀wà. Nígbà tó dìde lọ bu omi, ìró ẹsẹ̀ gba òkè lọ, ó tún gba òkè padà. Ilẹ̀ tó ń tẹ̀ gan-an kò fọhùn. Àwọn eku ni mo kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn.

Ilé wa ní Ajah kì í ṣe pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Lẹ́yìn àjà, páànù ló kù; lẹ́yìn páànù, Ọlọ́run. Bàbá bàbá mi ló kọ́ ọ, kí ẹnikẹ́ni tó lálàá títì Lẹ́kí. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kàn, kò sì mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà kan nǹkan, ló bá kan ilé bí ẹni kan ọkọ̀. Orí ọ̀sà ni igi gbà dé. Ó dá ihò sí ọ̀kan, ó gbẹ́ ẹnu èkejì wọ inú rẹ̀, kò lo ìṣó. Òpó ló gbé gbogbo ilé ró. Pákó ara ògiri kàn ń bo àṣírí wa ni.

Òfin kan ló fi sílẹ̀: bí igi ṣe dúró nínú igbó ni kó dúró nínú ilé, ìdí nísàlẹ̀, orí lókè. Ìdí ni pé bí wọ́n bá bímọ nínú ilé náà, ìdí òpó kan ni wọ́n ń sin ìwọ́ rẹ̀ sí, òpó náà á sì di ti ọmọ náà títí ayé. Tèmi wà nítòsí ilé ìdáná. Ìyá mi ní ìyẹn ni kò jẹ́ kí n yó rí. Ti Afusat wà níwájú, lójú títì.

Lọ́dún tí wọ́n ń fẹ ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì, wọ́n fi ọ̀dà pupa fa ìlà sí wa lára ilé. Àárín pálọ̀ ni ìlà náà gbà. A ní ká gé ilé náà kúrú fúnra wa kí katapílà tó bá wa gé e. Ìyá mi ní, "Ẹ fún títì ní pálọ̀. Ẹ má fún un ní òpó ọmọ mi." Ó wá lọ kí ẹni tó bímọ ní Jakande.

Sùlè, káfíńtà ọmọ Ìwó, hú òpó Afusat, ó gbé e wá sẹ́yìn ìlà pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ikán ti jẹ ìdí igi náà. Káfíńtà gidi kì í ri ibi tó ti jẹrà mọ́lẹ̀. Ó gé e kúrò, ó yí igi padà, ó ri orí tó le mọ́lẹ̀, ó da símẹ́ǹtì sí i.

Símẹ́ǹtì ti gbẹ kí ìyá mi tó dé. Ó fọwọ́ wá ihò tí bàbá bàbá mi gbẹ́ sí orí òpó náà. Kò rí i.

"Sùlè, orí dà?"

"Ó wà nílẹ̀, Màmá. Òun ló le."

"O gbé ọmọ mi dorí kodò?"

Sùlè rẹ́rìn-ín. "Igi ni mo gbé o, Màmá. Igi tó ti kú látọdún gbọ́nhan! Òkú wo ló ń mọ ibi tí orí òun wà?"



Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún lókè. Oúnjẹ kò dúró nínú Afusat mọ́. Bó bá ti gbé e mì, á tún gòkè wá. Ó ń fúyẹ́. Bó bá jókòó sórí àga, á di àga náà mú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sunkún níwájú mi. Omijé náà kò gba ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó gba iwájú orí gòkè, ó wọnú irun.

"Bọ̀ọ̀dá Tàjù," ó rọra wí, "ẹ̀rù ń bà mí kí n má já bọ́."

"Ibo lo fẹ́ já bọ́ sí? Ṣebí ilẹ̀ lo wà."

Ó gbójú sókè, ó wo àjà bí ẹni tó ń wo inú kànga.

A ránṣẹ́ pe Sùlè kó wá yí òpó náà padà. Ó gbé jáàkì àti ayùn wá. Ó gun àkàsọ̀, ó ṣí pákó àjà kan, ó sì pè mí. Mo gùn tẹ̀lé e. Igi tó ti kú láyé bàbá bàbá mi ti ta gbòǹgbò. Ojú ibi tí Sùlè gé ni wọ́n ti yọ, funfun, tútù, wọ́n nà káàkiri orí àjà bí ẹni tó ń wá ilẹ̀. Sùlè fi ayùn kan ẹyọ kan péré. Afusat figbe ta nínú yàrá.

Sùlè sọ̀kalẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n sáré ra nǹkan kan lọ́jà." Ọjà náà á jìn, kò tíì dé.

Láàárọ̀ Jímọ̀, ẹní Afusat ṣófo. Bàtà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Eruku pupa títì ti lẹ̀ mọ́ àjà, ojú ẹsẹ̀ sì wà lára eruku náà, gìgísẹ̀ àti ọmọ ìka, láti òkè ẹní dé ìdí òpó rẹ̀ tó ti di òkè. Kò sí èyí tó padà.

Ìyá mi kò sunkún. Ó ń gbé oúnjẹ sórí àkàsọ̀, a sì ń bá àwo lófìfo. À ń gbọ́ ọ, a kì í rí i. Ó ń rìn jẹ́jẹ́. Mo máa ń kí i.

Lánàá, àwọn tó ń fẹ títì padà wá. Wọ́n ní ìlà àkọ́kọ́ kò tó. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni ìlà tuntun wà. Mo bi ọ̀gá wọn pé ibo ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọlúàbí ni. Ó ní àwọn kì í kánjú wó ilé onígi, páànù làwọn ń kọ́kọ́ ká, àjà ló tẹ̀ lé e.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún Màámi. Bí wọ́n bá ti ká àjà, ojú ọ̀run nìkan ló kù lábẹ́ ẹsẹ̀ Afusat.