Tíṣà, Aránṣọ àti Ọkọ̀ Èédú

Táì ni ọkùnrin náà dè wá sétí omi. Táì pupa, bàtà tó ń dán, ó sì fi ẹ̀yìn ṣe iwájú ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Aránṣọ, tó ń pín àsíá fún àwọn tó fẹ́ lọ dí ọkọ̀ òkun tó ń kó èédú lọ́nà, rí i, ẹ̀rín sì pa á débi pé ó jókòó sórí iyanrìn.

"Ẹ kú àárọ̀, Tíṣà."

"Ta ló sọ fún yín?" Tíṣà ìṣirò ni lóòótọ́.

Ọkọ̀ kékeré kan náà ni wọ́n kó wọn sí. Àwọn méjèèjì ń wa àjẹ̀, ọkọ̀ ń yí po lójú kan, nítorí Tíṣà kọjú sí aránṣọ dípò iwájú.

"Tíṣà, ẹ kọjú síbi tí à ń lọ."

"Ibi tí mo kọjú sí yìí dára jù ú lọ."

Ojú ti aránṣọ, inú rẹ̀ sì dùn. Ọkọ̀ èédú gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, kò tilẹ̀ fọn fèrè.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, nítorí eruku èédú tó ń bà lé aṣọ tí wọ́n sá, tó sì sọ ìyá aránṣọ di oníkọ́. Ìfẹ́ sì wọ ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: bàbá aránṣọ gan-an ló ń wa ọkọ̀ alágbára tó máa ń fa ọkọ̀ èédú wọ èbúté.

"Ọmọ mi kò ní fẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aláriwo orí omi yẹn," bàbá ti búra. "Iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi ni mo fi tọ́ ọ."

Aránṣọ mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó sọ fún Tíṣà pé bí bàbá òun kò bá fọwọ́ sí i, òun kò ní lọ sílé ọkọ. Ó sunkún bó ṣe ń sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ bàbá, tó ń fa ọkọ̀ èédú bọ̀, sún mọ́ tiwọn. Tíṣà kò lè jókòó kí àgbà, ó bá dìde.

"Ẹ kú iṣẹ́, s—"

Ọkọ̀ dojú dé. Aránṣọ rọ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ náà. Bàbá fi ìkọ́ gbé Tíṣà nínú omi, ó sì tẹ́ ẹ sórí pákó ọkọ̀ tirẹ̀ bí ẹja.

"Ṣé ẹ̀bẹ̀ lo wá bẹ̀ ni, àbí o ṣubú?"

"Méjèèjì ni, sà."

Bàbá gbàgbé pé òun kò tíì pa ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó fi ń kìlọ̀ fún àwọn ọkọ̀ kéékèèké. Gbogbo èbúté ń gbọ́.

"O fẹ́ràn ọmọ mi?"

"Ju ẹ̀mí mi lọ, sà."

"Ẹ̀mí wo? Èyí tí o fẹ́ fi ṣòfò lójú mi yìí?" Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kéékèèké bú sẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Fi ariwo orí omi sílẹ̀, kí o máa mú un lọ."

Tíṣà nu ojú. "Sà, bí mo bá ní mo gbà, òpùrọ́ lẹ máa fún lọ́mọ. Eruku yẹn ló ń da ìyá wa láàmú. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá tún wá."

Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni Bàbá ra ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn títí ikọ́ fi rọlẹ̀. Ó wo Tíṣà títí. Ẹni tí kò lè purọ́ láti fẹ́ ọmọ rẹ̀ kò ní purọ́ fún un nínú ilé.

"Ìwọ ọmọbìnrin yìí!" ó ké. "Ṣé o fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀?"

Aránṣọ dáhùn, ariwo ẹ́ńjìnì gbé ohùn rẹ̀ mì.

"Kí lo wí?"

Ó tún dáhùn. Bàbá pa ẹ́ńjìnì tirẹ̀, síbẹ̀ ọkọ̀ èédú ń kùn. Inú bí i wàyí. Ó kọjú ẹ̀rọ sí ọkọ̀ ńlá náà.

"Ẹ̀yin tòkè yẹn, ẹ dá a dúró! Ọmọ mi ń sọ̀rọ̀!"

Ọkọ̀ èédú dúró. Ohun tí ogójì èèyàn ti ń pariwo lé lórí láti oṣù mẹ́fà, bàbá kan ló fi ìbínú ṣe é. Èbúté pa rọ́rọ́.

"Mo fẹ́ ẹ, Bàbá mi," ni aránṣọ wí. Kò tilẹ̀ gbóhùn sókè.