Ibi Tí Okùn Ti Pàdé

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ ni Ẹnjiníà kọ́kọ́ rí i. Obìnrin kan ń sáré bọ̀ lójú títì, ó pọn nǹkan sẹ́yìn, ó sì fi aṣọ bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹnjiníà ju irin gbígbóná tó fi ń lẹ wáyà sílẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gbayawu.

"Ẹ yà síbí o! Òjò á pa ọmọ!"

Obìnrin náà wọlé, ó ń mí hẹlẹ. Ó tú ọ̀já. Sípíkà onípákó ńlá kan ló gbé lé orí tábìlì. Sípíkà ọ̀hún gbẹ ju ìyá tó pọ̀n ọ́n wá lọ.

"Ọmọ ọdún mélòó ni?" Ẹnjiníà bi í.

"Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá mi dọ́gba. Kò sọ̀rọ̀ mọ́, ó kàn ń húkọ́ ni."

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín. Ó rí ìyẹ̀fun funfun létí ọmọbìnrin náà, torí iṣẹ́ búrẹ́dì ló ń ṣe. Ó ń wo ìyẹ̀fun náà títí ó fi gbàgbé ibi tó ju irin gbígbóná sí. Òórùn tábìlì tó ń jóná ló rán an létí.

Bàbá ọmọbìnrin yìí ti wa ọkọ̀ ojúurin títí ó fi fẹ̀yìn tì, Bàbá Rélùwéè sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ tó ti di olóògbé ló ra họ́ọ̀mù tíátà fún un, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn fíìmù jáde láti inú sípíkà púpọ̀; ọ̀kan lára wọn lọmọ rẹ̀ pọ̀n wá. Ẹ̀rọ náà ti gbó, Bàbá ò sì lówó láti ra tuntun. Nígbà tí Ẹnjiníà wá wò ó nílé, ó ní:

"Ẹ má sọ ọ́ nù, Bàbá. Ara rẹ̀ ṣì le. Ẹ jẹ́ ká máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀, bí agbára yín bá ṣe gbé e. Wáyà tí eku ti jẹ la ó kọ́kọ́ pààrọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó lẹ etí àwọn sípíkà tó ti fà ya. Tó bá yá, a ó wá àlòkù sípíkà kan sábẹ́ tẹlifíṣàn, tí á máa gbé ọ̀rọ̀ ẹnu jáde. Èyí tó ń dún gbì-gbì la ó fi kásẹ̀ rẹ̀ ńlẹ̀."

"Ó dáa. Àmọ́ ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sún àga mi. Ìyá ọmọ yìí ló gbé e síbẹ̀."

Àga méjì ló wà nínú yàrá náà. Ti Bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ti ọmọ rẹ̀ wà lápá kejì.

Ẹnjiníà ní àṣà kan. Kì í gbé sípíkà kalẹ̀ láì fi okùn wọ̀n ọ́n dé ibi tí etí ẹni tó ń gbọ́ ọ máa wà, kí gbogbo ohùn lè dé etí náà lẹ́ẹ̀kan náà. Á wá so okùn ọ̀hún mọ́ ẹ̀yìn sípíkà, kí ó lè rọrùn láti dá a padà sáyè rẹ̀ bí wọ́n bá sún un láti gbálẹ̀.

Báyìí ló ń wá lóṣooṣù.

"Ẹnjiníà, wáyà kan ṣoṣo lẹ ń lẹ̀ láti àárọ̀?" ọmọbìnrin náà á bi í.

"Olólùfẹ́ mi, kò yẹ ká kánjú."

"Ta ni olólùfẹ́ yín?"

"Wáyà ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Ẹ sọ fún wáyà kó wá jẹ búrẹ́dì."

Nígbà tí sípíkà abẹ́ tẹlifíṣàn fi máa dé, ọ̀rọ̀ ti kọjá eré. Àwọn méjèèjì ti gbà láti fẹ́ ara wọn. Wọ́n ní kí iṣẹ́ Bàbá parí ná, kí inú rẹ̀ dùn, kí wọ́n tó sọ fún un.

Bàbá ò kúkú fọ́jú. "Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà," ló máa ń sọ. "Ti ẹlòmíì ti dé ìdí búrẹ́dì."

Ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, Bàbá fi fíìmù kan sí i. Kò pẹ́ tó fi lejú.

"Kí ló dé tí gbogbo èèyàn inú fíìmù yìí ń bá ọmọ mi sọ̀rọ̀, tí wọ́n kẹ̀yìn sí mi?"

Ó dìde, ó fa okùn àkọ́kọ́ láti ẹ̀yìn sípíkà. Ó fa ìkejì. Ó fa gbogbo wọn. Orí àga ọmọbìnrin náà ni gbogbo wọn ti pàdé, bí ìgbà tí wọ́n jọ ṣàdéhùn.

Ẹnu ya Ẹnjiníà alára. "Bàbá, mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ibi tí ojú mi ń wò ni..."

"Etí ta ni mo ní kí o wọ̀n? Jáde! Ẹni tí kò mọ ibi tí oníbàárà rẹ̀ jókòó sí, ọmọ wo ni mo fẹ́ fún un?"

"Ẹ ṣáà sún àga yín díẹ̀, Bàbá," ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, omijé ti ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Àga ò ní sún!"

Ẹnjiníà kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Ọmọbìnrin ò bá bàbá rẹ̀ ṣeré mọ́, búrẹ́dì tó ń gbé wálé kò sì wú bíi ti tẹ́lẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọmọbìnrin náà ti lọ síbi iṣẹ́, Bàbá wò sọ́tùn-ún, ó wò sósì bí olè ẹran, ó sì jókòó sí àga ọmọ rẹ̀. Ó fi fíìmù kan tí ọkọ̀ ojúurin wà nínú rẹ̀ sí i. Ọkọ̀ náà dún bọ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ kọjá, ó ń dún lọ réré. Bàbá na ọwọ́, ó fẹ́ fa bíréèkì.

Ó jókòó pẹ́ níbẹ̀. "Ọkùnrin yìí ò mọ̀ pé òun ń tọ́jú ọmọ mi, ó sì tọ́jú rẹ̀ tó báyìí," ló ń rò. "Tó bá wá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ńkọ́?"

Ó ránṣẹ́ pè é. Ẹnjiníà dé tòun ti okùn lọ́wọ́, ó dorí kodò.

"Bàbá, mo wá tún un wọ̀n."

"Ki okùn bọ àpò. Ṣé o ṣì fẹ́ ọmọ mi?"

"Tọkàntọkàn, Bàbá."

"Máa mú un lọ, kí n lè rí àga gidi jókòó sí."

"Bàbá!" ọmọ rẹ̀ pariwo láti ilé ìdáná. "Nítorí àga?"

"Àga gidi ṣọ̀wọ́n."

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Lọ́jọ́ tí tọkọtaya kọ́kọ́ padà wá kí Bàbá, wọ́n bá a nídìí fíìmù, lórí àga rẹ̀ àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó na ọrùn bí adìyẹ tó ń wá ohùn kiri. Àga ọmọ rẹ̀ ṣófo, ó ti nù ún mọ́ tónítóní.

"Bàbá, ẹ ò jókòó sí àga ọ̀hún?"

"Mo jókòó síbẹ̀. Ohùn ibẹ̀ dùn. Àmọ́ tí mo bá bojú wẹ̀gbẹ́, n kì í rí ẹnikẹ́ni."

Bàbá ló dìde fúnra rẹ̀, ó di apá àga rẹ̀ mú.

"Ẹnjiníà, gbé ẹ̀gbẹ́ kejì."

Wọ́n gbé e títí ó fi kan ti ọmọ rẹ̀. Ẹnjiníà yọ okùn, ó wọn gbogbo sípíkà wá sí àárín àga méjèèjì.

"Ìwọ ńkọ́? Níbo lo máa jókòó?"

"Ilẹ̀ ni, Bàbá. Ibẹ̀ ni mo ti ń wò ó látìgbà yìí wá."

Ìyàwó rẹ̀ bu búrẹ́dì, ó fi sí i lọ́wọ́. "Jẹun," ló wí, "wáyà mi."